Ilé Ló Ń Pa Ènìyàn, Kì Í Ṣe Ilẹ̀

 Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi máa ń gùn, ti òní á sì tún gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ wá ibi jókòó sí. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kó fi pamọ́ di alẹ́.

Ohun tó fà á nìyí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, gbogbo ẹbí wa pé sórí fóònù nítorí ilé bàbá mi ní Ìkòròdú. Ilé ilẹ̀ lásán ni, yàrá mẹ́rin, wọ́n sì ti ń gbé inú ẹ̀ láti bí ọdún mẹ́jọ. Ní báyìí wọ́n fẹ́ gbé àjà méjì lé e lórí, kí àwọn ọmọ lè rí ibi sùn nígbà Kérésì, kí bàbá sì rí owó ilé gbà lọ́wọ́ àwọn ayálégbé. Wọ́n ti pín ìnáwó. Èmi tí mo wà lókè òkun, irin àti sìmẹ́ǹtì ni wọ́n bù fún mi.

Mo bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ló ti wo ìpìlẹ̀ ilé yẹn wò, pé ó lè gbé àjà méjì? Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ilé ilẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Gbogbo wọn dákẹ́. Kọntirakítọ̀ ní òun ti kọ́ irú ẹ̀ púpọ̀, kò sí wàhálà. Dádì Ìkòròdú, àbúrò bàbá mi, wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìlú tí ilẹ̀ ti ń mì lo wà, ẹ̀rù ti bà ọ́. Ilẹ̀ kì í mì lọ́dọ̀ tiwa." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí pé ìlú tí mo wà yìí gan-an ló kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ náà ò rí bí wọ́n ṣe rò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ìlú náà fún yín, kí n tó padà sí Ìkòròdú.

Santa Barbara ni mo wà, ní etíkun Kalifọ́níà, ní òkè Los Angeles díẹ̀. Òkè ńlá wà lẹ́yìn ìlú, òkun wà níwájú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá kí mi mọ bó ṣe rí: ògiri funfun, ìbòlé amọ̀ pupa, ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ bí ọrun, igi ọ̀pẹ lójú títì títí dé etí omi. Ibi ìgbafẹ́ ni. Àwọn olówó ń wá sinmi níbẹ̀, àwọn tọkọtaya tuntun ń wá ya fọ́tò ìgbéyàwó ní ilé ẹjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ilé ẹjọ́! Ó rẹwà débi pé ènìyàn á fẹ́ kí wọ́n pe òun lẹ́jọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo rò pé ìlú àtijọ́ ni, pé àwọn ará Sípéènì ló kọ́ ọ ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn tí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ohun tẹ́ ẹ rí láàárín ìlú kò tíì ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ilé ẹjọ́ yẹn fúnra ẹ̀, ọdún 1929 ni wọ́n parí ẹ̀. Ìmìtìtì ilẹ̀ ló wó ìlú tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ènìyàn sì jókòó, wọ́n pinnu irú ìlú tí wọ́n fẹ́.

Àwọn Chumash ló ni ilẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó dé. Abúlé wọn tó ń jẹ́ Syuxtun wà nítòsí etíkun tí àwọn arìnrìn-àjò ń sùn sí nínú oòrùn lónìí. Àwọn ọmọ ogun Sípéènì dé ní 1782, wọ́n kọ́ ibùdó. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì tẹ̀ lé wọn, wọ́n dá ilé ìjọsìn ńlá sílẹ̀ ní 1786, ọwọ́ àwọn Chumash ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ní oṣù Kejìlá 1812 ilẹ̀ mì, ó ba ṣọ́ọ̀ṣì náà jẹ́. Wọ́n tún òmíràn kọ́, wọ́n fi òkúta ṣe é, wọ́n parí ẹ̀ ní 1820. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ yẹn wà lọ́kàn yín. Ìlú yìí ti gbọ́ ìkìlọ̀ rí, ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ṣáájú èyí tí mo fẹ́ sọ.

Ìlú gbàgbé. Ẹ mọ bí ìlú ṣe ń gbàgbé. Sípéènì lọ, Mẹ́síkò gbà á, Amẹ́ríkà gbà á lọ́wọ́ Mẹ́síkò. Ní 1872 wọ́n kọ́ afárá onígi gígùn wọ inú òkun kí ọkọ̀ ojú omi lè gúnlẹ̀. Ní 1887 ọkọ̀ ojú irin dé láti Los Angeles. Bí ọkọ̀ ojú irin ṣe dé ni àwọn olówó láti ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í sá òtútù wá síbẹ̀. Wọ́n kọ́ òtẹ́ẹ̀lì lórí òtẹ́ẹ̀lì. Títì ńlá àárín ìlú, State Street, kún fún ilé bíríkì tó ga, bíi ti ìlú Amẹ́ríkà yòówù. Kálukú ń kọ́ tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹni tó fẹ́ dín sìmẹ́ǹtì kù, ó dín in kù. Ta ló máa bi í?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1925, ní nǹkan bí agogo 6:42 àárọ̀, ilẹ̀ mì. Kò pé ìṣẹ́jú kan. Àárín ìlú ti di òkìtì. Òtẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń jẹ́ Arlington, tó ní ilé ìṣọ́ gíga, wọ́n sì gbé táǹkì omi ńlá sókè inú ẹ̀. Táǹkì yẹn já lulẹ̀, ó wó ilé ìṣọ́ náà, ó sì pa àwọn tó sùn sísàlẹ̀ rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì mìíràn, Californian, kò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n ṣí i. Ògiri ìta ẹ̀ ṣí bọ́ lulẹ̀, tí ẹni tó dúró ní títì fi lè rí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìlú, ìdídò omi Sheffield, tí wọ́n fi erùpẹ̀ mọ, já pátápátá, omi sì ya gba ìsàlẹ̀ ìlú lọ sínú òkun. Ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn 1812, òun náà tún wó.

Àwọn tó kú jẹ́ bíi 13, nínú ìlú tí ènìyàn ibẹ̀ tó bíi 20,000. Ẹ lè ní kò pọ̀. Aago ló gbà wọ́n. Ká ní agogo mẹ́wàá ni, tí ṣọ́ọ̀bù ti ṣí, tí ènìyàn kún ojú títì, ẹ fojú inú wò ó. Ohun kejì tó gbà wọ́n ni pé àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nídàájí yẹn sáré pa gáàsì, wọ́n pa iná mànàmáná, kí wọ́n tó sá fún orí ara wọn. Ní San Francisco ní 1906, iná tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì ló jó èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú náà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi jó. Ní Santa Barbara, iná kankan ò ràn ká.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí nìyí. Ilẹ̀ kan náà ló mì lábẹ́ gbogbo ilé, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ló wó. Púpọ̀ nínú ilé onígi kéékèèké tí àwọn mẹ̀kúnnù ń gbé dúró, ọ̀nà èéfín wọn nìkan ló já. Àwọn tó wó ni ilé bíríkì gàgàrà tí wọ́n fi àpòpọ̀ tí kò lágbára lẹ̀ mọ́ra, tí kò sí irin tó so ògiri mọ́ àjà. Àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ ìlú lẹ́bàá òkun, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, fara gbá a ju tòkè lọ. Nígbà tí àwọn ẹnjiníà wá wo òkìtì wọ̀nyẹn, wọ́n rí i pé iṣẹ́ tí kò dáa wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mì. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ìmìtìtì ilẹ̀ ni aláǹgbá. Ẹni tó la ògiri lẹ́nu, ènìyàn bíi tèmi tìrẹ ni.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Èyí ló mú mi fẹ́ràn ìtàn náà, torí iṣẹ́ ìwádìí mi dá lórí bí ìlú ṣe ń rántí àjálù. Kí oṣù díẹ̀ tó kọjá, ìlú ti gbé ìgbìmọ̀ kan dìde tó gbọ́dọ̀ rí àwòrán ilé kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Àwọn tó ṣíwájú ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bernhard Hoffmann àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Pearl Chase. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìlú: Massachusetts ni Hoffmann ti wá, wọ́n bí Chase sí Boston. Àlejò ni wọ́n, bíi tiwa. Wọ́n ṣí yàrá kan níbi tí àwọn ayàwòrán ilé ti ń ran onílé lọ́wọ́. Wọ́n ní kí ìlú wọ aṣọ kan náà, ògiri funfun àti ìbòlé amọ̀. Ìgbìmọ̀ yẹn ò pẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1926, àwọn tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ ilé wọn wò dá a dúró. Ṣùgbọ́n nínú ìwọ̀nba oṣù yẹn, wọ́n ti yí ojú ìlú padà. Ìlú tún gbé irú ìgbìmọ̀ náà dìde ní 1947. Pearl Chase fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ náà kó tó kú ní 1979.

Ohun tó wà lójú nìyẹn o. Èyí tí kò hàn sójú ló ṣe pàtàkì jù. Ní ọdún 1925 kan náà, ìlú fi òfin ìmìtìtì ilẹ̀ sínú òfin ilé kíkọ́, wọ́n sì wà lára àwọn ìlú tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Òfin yẹn ní kí ilé lè dúró bí nǹkan bá ń tì í láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe bí nǹkan bá ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè nìkan. Àwọn ìlú yòókù ò kánjú. Ní oṣù Kẹta 1933 ilẹ̀ mì ní Long Beach, ilé ìwé wó lórí ilé ìwé. Ìrọ̀lẹ́ ni, àwọn ọmọ ti lọ sílé. Ẹ̀rù ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ba gbogbo ìpínlẹ̀ débi pé láàárín oṣù kan, wọ́n ti ṣe òfin pé wọn ò gbọdọ̀ kọ́ ilé ìwé ìjọba kankan láìjẹ́ pé ẹnjiníà yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 1978 ilẹ̀ tún mì ní Santa Barbara. Ìwé ya lulẹ̀ ní ilé ìkàwé yunifásítì, ènìyàn farapa, ṣùgbọ́n ìlú ò tún wó mọ́.

N ò sọ pé mímọ́ ni ìlú yìí o. Ẹ jẹ́ kí n sọ òdìkejì, kẹ́ ẹ má bàa ní òyìnbó ti ra ojú mi. Aṣọ Sípéènì tí ìlú wọ̀ yẹn, ó bo ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń rìn ní àárín ìlú, ẹ ó rò pé àwọn ọlọ́lá Sípéènì nìkan ló gbé ibẹ̀ rí. Àwọn Chumash tó gbé òkúta ṣọ́ọ̀ṣì lórí, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbúròó wọn. Àwọn ará Ṣáínà tó gbé àdúgbò Cañon Perdido, ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀ ló kù láti fi rántí wọn. Òfin ẹwà náà sì wà lára ohun tó mú kí ilé wọ́n. Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta la jọ ń pín ilé, ó sì tún ń ká wa lára. Àwọn obìnrin tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní òtẹ́ẹ̀lì etíkun, Oxnard, Ventura àti Lompoc ni wọ́n ti ń wá ní àfẹ̀mọ́jú. Mo máa ń rí wọn ní ibùdókọ̀ bí mo bá tètè jáde. Ìlú tó mọ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ilé, kò tíì mọ bí á ṣe fi ilé gba ẹni tó ń gbá a.

Nítorí náà, mi ò ní ká lọ da ìbòlé pupa bo Ìkòròdú. Òfin ẹwà ọ̀tọ̀, òfin ìyè ọ̀tọ̀. Ti ìyè ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ó yá, ká padà sílé. "Ilẹ̀ kì í mì lọ́dọ̀ tiwa." Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má fi gbogbo ara gbà á gbọ́. Ilẹ̀ mì ní Accra ní 1939, ó wó ilé, ó pa ènìyàn. Ó mì ní Abuja ní 2018, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbà fún Dádì Ìkòròdú pé ilẹ̀ wa dúró jẹ́ẹ́. Ó dáa. Kí ló wá wó ilé Ìta Fájì ní oṣù Kẹta 2019, ilé alájà tí ilé ìwé wà nínú ẹ̀, tí àwọn ọmọdé kú síbẹ̀? Kí ló wó ilé alájà mọ́kànlélógún ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2021, tí ènìyàn tó lé ní 40 kú? Ilẹ̀ ò mì lọ́jọ́ yẹn. Afẹ́fẹ́ ò jà. Ilé ni ó wó fúnra ẹ̀.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ìlú tí ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan pàdánù ènìyàn bíi 13. Ilé kan ṣoṣo, lórí ilẹ̀ tó dúró jẹ́ẹ́, pa ìlọ́po mẹ́ta iye yẹn. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi ibi tó yẹ kí ẹ̀rù ti máa bà wá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ilé." Àmín o. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kan náà ló fún bíríkìlà ní ojú láti ka iye agbada sìmẹ́ǹtì tó wọ inú iyanrìn. Àwọn mìíràn á ní owó ò sí fún ẹnjiníà. Èyí ló ń dùn mí jù, torí pé àwa tí a wà níbí la ń fi owó náà ránṣẹ́. A máa ń rí owó fún táìsì tó ń dán, fún géètì tí wọ́n kọ orúkọ bàbá sí, fún àríyá ìṣílé pẹ̀lú aṣọ ẹbí. Tó bá di ti ẹni tó máa gbẹ́ ilẹ̀ wò kó sọ bó ṣe le tó, a ní owó ti tán. Ìpìlẹ̀ ò ṣeé ya fọ́tò, a ò lè gbé e sórí status. Mo ń bá ara mi wí níbí o. Èmi náà ti fi owó ránṣẹ́ rí láìbèèrè nǹkan kan, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n ní òkè òkun ti sọ mí di alágídí.

Àwọn tó máa sọ pé ìjọba ló yẹ kó ṣe é, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó yẹ kí ìjọba yẹ ilé wò, kó sì má gba rìbá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní Santa Barbara, kì í ṣe ìjọba nìkan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ará ìlú tó kọ̀ láti dákẹ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń san owó, ó ní ẹnu láti sọ̀rọ̀. Agbára wa kò kéré: kò sí ẹni tó lè da kọnkéré tí a ò bá ra sìmẹ́ǹtì.

Ohun tí mo ní lọ́kàn kò le. Kí a tó fi owó irin ránṣẹ́, ká san owó ẹnjiníà tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ kọntirakítọ̀. Kó wo ilẹ̀, kó wo ìpìlẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Ká má ṣe gbé àjà lé ilé tí wọn ò ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ fún àjà. Ká pín owó sí ìpele, kí ẹnìkan fojú rí irin nínú pílà kí wọ́n tó da kọnkéré bò ó, torí bí wọ́n bá ti bò ó tán, ó di ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Kì í sì í ṣe pé gbogbo bíríkìlà ló burú. Púpọ̀ nínú wọn mọ ohun tó tọ́, àwa onílé la máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n "ṣe é gbà."

Èmi ò kì í ṣe ẹnjiníà. Ìtàn ni mò ń kọ́. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti fọ́tò ìlú yìí tí wọ́n yà lọ́dún 1925, ó pẹ́. Ohun tí mo máa ń wò ni yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí ògiri ẹ̀ ṣí yẹn, tí gbogbo inú ẹ̀ hàn sí ìta. Irọ́ tó wà nínú ògiri ni gbogbo ayé ń wò yẹn.

Mo pe bàbá mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwa méjì nìkan. Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, owó irin wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹnjiníà ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi san." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ pé wọ́n á sọ pé mo ń bẹ̀rù ọmọ mi?" Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ní àwọn á rò ó.

Wọn ò tíì pè mí padà. Àbúrò mi sọ pé kọntirakítọ̀ ti kó iyanrìn dé ẹnu géètì. Owó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá bínú sí mi títí di Kérésì, màá fara mọ́ ọn. Inú yàrá ìsàlẹ̀ ilé yẹn ni ìyá mi ń sùn.